Ìdí Ògiri Ilé Ládiípọ̀

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 oṣù Igbe 2023. Pobè

Euloge pè mí láti Kùtọnu láàárọ̀ yìí. Òun ni àtọmọdọ́mọ tó ń ṣe olórí ilé Ládiípọ̀ ní Sakété báyìí. Ó ní ìwé ti wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba: ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bàbá-ńlá wọn ti di eléwu, kí wọ́n tún un ṣe tàbí kí wọ́n wó o kí oṣù Agẹmọ tó parí. Wọ́n ti sọ fún un pé láti Pobè dé Sakété, èmi nìkan ni mọlémọlé tó kù tó ṣì mọ bí wọ́n ṣe ń fi amọ̀ gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dúró.

"Bàbá Merveille, ilé yẹn kì í ṣe ilé lásán. Pátírímóànì ni, ogún ìṣẹ̀ǹbáyé. Àwọn òyìnbó máa ń dúró ya fọ́tò rẹ̀."

Mo ní màá wá wò ó. Mi ò sọ fún un pé mo mọ ilé náà. Ìyàwó mi bi mí pé kí ló dé tí mi ò jẹ ẹ̀kọ mi tán. Mo ní eyín ń dùn mí.

Ọjọ́bọ̀, 13 oṣù Igbe

Mo gun ọ̀kadà zẹ́mì lọ sí Sakété. Ilé náà ṣì dúró, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́. Òdòdó tí àwọn Àgùdà Àjàṣẹ́ fi amọ̀ ṣe sókè fèrèsé ku mẹ́rin nínú mẹ́fà. Páànù ti pupa bí epo. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni títì. Wọ́n ti to òkúta pàfé sí i, títì sì ti ga ju ẹnu ọ̀nà lọ. Láyé àtijọ́, àtẹ̀gùn mẹ́ta lèèyàn ń gùn kó tó wọ ilé Ládiípọ̀. Ní báyìí, ńṣe lèèyàn ń sọ̀kalẹ̀ wọ ọ́. Omi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo fi ìka kan ògiri ìwọ̀-oòrùn láti ìsàlẹ̀ dé ibi tí ọwọ́ mi tó. Ó ń dún bí akèrègbè òfìfo.

Ìyá Ọmọ́báyọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Òun ni ìyá bàbá Euloge. Ó ti lé ní ọdún márùnlélọ́gọ́rin, òun nìkan ló sì kù tó ń gbé inú ilé náà.

"Ta nìyẹn?"

"Zacharie ni, Ìyá. Ọmọ Èṣùbíyìí tó ń mọlé ní Pobè."

"Háà! Èṣùbíyìí! Òun ló mọ ọgbà ẹ̀yìnkùlé yìí. Tó bá mọ ògiri tán, eèrà ò ní rí ibi gbà." Ó wo ọwọ́ mi. "Ṣé ọwọ́ tìrẹ náà dán bẹ́ẹ̀?"

Mo ní kí ó máa wò ó.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 oṣù Igbe

Kí n kọ ọ́ síbí, nítorí mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ọdún 1998 ni èmi àti àwọn ọmọṣẹ́ mi fi sìmẹ́ńtì rẹ́ gbogbo ilé yẹn, láti ìdí títí dé abẹ́ páànù. Àbúrò ọkọ Ìyá ló gbé iṣẹ́ náà fún mi. Ó ti kú báyìí, kò sì dárúkọ mi fún Ìyá rí. Ìyá kò sí nílé. Ọmọ́báyọ̀ ọmọ rẹ̀ bí ìbejì ní Ahoyéyé lọ́dún náà, ó lọ bá a tọ́jú wọn, ó pẹ́ kó tó padà. Mo jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ iṣẹ́ sìmẹ́ńtì dé láti Kùtọnu ni, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè mí ní mọlémọlé mọ́. Masọ̀n ni mo fẹ́ kí wọ́n máa pè mí.

Bàbá mi ní, "Zacharie, ògiri amọ̀ a máa làágùn. Tí o bá dí i lẹ́nu, ibo ni kí òógùn gbà jáde?"

Mo ní ayé ti yí padà. Bàbá mi ò gba ọ̀nà títì yẹn kọjá mọ́ títí ó fi kú.

Ó yẹ kí n sọ fún Euloge kó wá ẹlòmíràn. Mo mọ̀ pé kò sí ẹlòmíràn. Èyí tó tún burú jù ni pé inú ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ti ń fọwọ́ kan ìdí ògiri. Ọmọdé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òjò sì ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti gbà fún un.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 oṣù Igbe. Sakété

A bẹ̀rẹ̀. Mo fi òòlù àti irin ṣí sìmẹ́ńtì níbi igun àríwá. Ó bọ́ lódindi bí èèpo ẹyin, omi sì dà lé mi lẹ́sẹ̀. Omi o, láàárín ògiri. Amọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì. Ikán ti jẹ gbogbo ògùṣọ̀ tí àwọn àgbà pò mọ́ amọ̀ náà.

Lókè díẹ̀, níbi tí ó gbẹ, mo rí àwọn ọ̀dà àtijọ́, ọ̀kan lórí ọ̀kan: ẹfun funfun, búlúù, òféèfèé, funfun lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyá wá wò ó. Ó ní búlúù yẹn ni ti ìgbéyàwó òun. Òféèfèé ni ti òkú bàbá ọkọ òun. Sìmẹ́ńtì wá bò wọ́n lórí, ó dúdú bí eérú.

"Ẹni tó ṣe èyí," Ìyá wí, "Ọlọ́run á dá a lẹ́jọ́."

Mo ní, "Àmín."

Ọjọ́ Ajé, 24 oṣù Igbe

A ti fi igi tẹ́ẹ̀kì mẹ́fà ti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ìkẹta ló ṣòro jù, nítorí ìtì agbọn olódù tó gba gbogbo àjà ti jẹrà lórí, ẹnu igi kan yẹn ló sì fi orí lé báyìí. Tí ìyẹn bá kúrò, gbogbo rẹ̀ ló ń bọ̀.

Ètò mi nìyí: kí á gé ìdí ògiri ní ìwọ̀n apá kan, kí á fi búlọ́ọ̀kù amọ̀ gbígbẹ dí i, kí á dúró kó le, kí á tó gé òmíràn. Tí òjò bá gbà fún wa.

Ọjọ́ Ẹtì, 5 oṣù Èbìbí

Òjò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 oṣù Èbìbí

Òjò. A fi tapolín bo búlọ́ọ̀kù, ṣùgbọ́n mọ́kànlélógún ló ti tú padà di ẹrẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 11 oṣù Èbìbí

Mo tún bẹ Ìyá pé kó kó lọ sọ́dọ̀ Ọmọ́báyọ̀ ní Ahoyéyé títí a ó fi ṣe tán. Yàrá rẹ̀ kan ògiri ìwọ̀-oòrùn gan-an. Ọkọ rẹ̀ àti bàbá ọkọ rẹ̀ sì wà nínú ilẹ̀ yàrá náà, lábẹ́ ẹní tó ń sùn lé.

Ó ní, "Wò ó, ẹnu ọ̀nà yìí ni wọ́n ti da omi sí mi lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ tí mo wọlé ọkọ. Ọmọ méje ni mo bí níbí. Ọkọ mi wà lábẹ́ mi níbí. Kí ni mo ń wá lọ sí Ahoyéyé?"

"Ìyá, ògiri yìí ò lágbára."

"Ìwọ ò wà níbẹ̀ ni? Ọmọ Èṣùbíyìí wà nídìí ògiri, ẹ̀rù á wá máa bà mí?"

Ó bu ẹ̀bà fún mi. Mo jẹ ẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 oṣù Èbìbí

Euloge mú àwọn àlejò mẹ́ta wá láti Kùtọnu. Wọ́n ya fọ́tò òdòdó orí fèrèsé. Wọ́n ya fọ́tò ọwọ́ mi nínú amọ̀. Ọ̀kan nínú wọn sọ̀rọ̀ gígùn lédè Faransé nípa ìgbà tí Sakété jẹ́ ìlú olówó, tí àwọn oníṣòwò ẹyìn ń kọ́ ilé tó dà bíi ti Àjàṣẹ́, tí rélùwéè ń kọjá lọ sí Pobè. Òótọ́ ló ń sọ. Wọn ò wọ yàrá Ìyá. Ìyá ti wọ aṣọ tó dára, ó jókòó lórí ibùsùn, ó ń dúró dè wọ́n.

Nígbà tí mọ́tò wọn lọ tán, ó ní, "Wọ́n ti lọ?"

Ọjọ́rú, 31 oṣù Èbìbí

Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko láìsí òjò. Igun àríwá ti dúró! Mo fi òòlù kàn án lónìí, ó dún gbì, bí ó ṣe yẹ kí ògiri dún. Mo kàn án lẹ́ẹ̀mẹta fún ìdùnnú lásán. Ìyá gbọ́ ọ láti inú ilé, ó kígbe pé, "Ó ti gbà?" Mo ní, "Ó ti gbà, Ìyá!" Ó fún mi ní obì.

Tí oṣù Òkúdù bá ṣàánú wa, a máa bá a.

Ọjọ́ Ajé, 5 oṣù Òkúdù

Owó epo páyò, bẹntiróò fàyàwọ́, ti fò sókè láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nítorí ohun tí wọ́n ṣe sí owó epo ní Nàìjíríà. Àwọn ọlọ́pọ́n epo ẹ̀bá ọ̀nà ti gbé ìgò wọn kúrò. Àwọn ọlọ́zẹ́mì kò fẹ́ lọ sí Sakété mọ́ àfi kí èèyàn san ìlọ́po méjì. Mo fi kẹ̀kẹ́ ológeere bàbá Merveille (èmi nìyẹn) lọ, mo dé pẹ̀lú orúnkún wíwú. Láti ọ̀la, màá máa sùn sí ìyẹ̀wù ẹ̀yìnkùlé ilé Ládiípọ̀ títí di Àbámẹ́ta.

Ọjọ́rú, 14 oṣù Òkúdù

Ó ti pé ọjọ́ mẹ́ta tí òjò ò dá. Omi títì wọ inú ilé dé kókósẹ̀. Apá ògiri tí a gé ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mi ò ráyè dí i. Ìtì àjà ti wọlẹ̀ ní ìwọ̀n ìka méjì. Ògiri ti là láti ẹnu fèrèsé, ìlà náà sì gba òkè ibùsùn Ìyá kọjá. Mo lè ti ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Mo fi ìlà náà hàn án. Ó fi ìka tọ̀ ọ́ lọ bí ẹni ń kàwé.

"Ìwọ á dí i," ni ó wí.

Mo pe Ọmọ́báyọ̀, ó bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, ó sunkún. Ìyá ní òun ò kúrò.

Ọjọ́bọ̀, 15 oṣù Òkúdù

Mo ti sọ ọ́.

Òjò dá díẹ̀ láàárọ̀. Mo wọ yàrá Ìyá, mo jókòó sílẹ̀. Mo ní, "Ìyá, ṣé ẹ rántí ọdún tí Ọmọ́báyọ̀ bí ìbejì, tí ẹ lọ sí Ahoyéyé?"

"Mo rántí. Ìgbà tí mo dé, mo bá ilé mi, ó ń dán bí àwo."

"Èmi ni mo fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ."

Omi ń kán sínú garawa.

"Ta ló ní kí o ṣe é?"

"Àbúrò ọkọ yín ló gbé e fún mi. Ṣùgbọ́n bàbá mi kìlọ̀ fún mi pé yóò pa ilé náà. Mo gbọ́, mo sì ṣe é."

"Èṣùbíyìí kìlọ̀ fún ọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Láti oṣù Igbe lo ti ń jẹ oúnjẹ mi, tí o ń pè mí ní Ìyá. Mo gégùn-ún lójú rẹ, o ní àmín."

Mo dojú bolẹ̀. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò ga rárá.

"Pe Ọmọ́báyọ̀. Kó wá kó ẹrù mi."

Mo dúpẹ́. Mo ní Ọlọ́run ló bá a sọ̀rọ̀.

"Má dúpẹ́. Ojoojúmọ́ lo ń sọ fún mi pé ilé fẹ́ wó, mi ò gbà, nítorí mo mọ ẹni tó wà nídìí rẹ̀. Mi ò mọ̀ ọ́n mọ́. Mi ò lè sùn sábẹ́ ọwọ́ rẹ."

Ní ọ̀sán, Ọmọ́báyọ̀ gbé takisí wá. Ìyá kò jẹ́ kí n di òun mú gòkè dé títì. Ó di ògiri mú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17 oṣù Òkúdù

Euloge ti gbọ́. Ó wá fúnra rẹ̀. Kò pariwo, ó sàn kó pariwo.

"Ẹ̀yin lẹ pa á, ẹ̀yin náà lẹ tún jókòó tì í bí oníṣègùn. Ẹ kó irin iṣẹ́ yín."

Ó ti ránṣẹ́ pe Crépin. Crépin! Ọmọṣẹ́ mi ni. Òun ló ń ru sìmẹ́ńtì lọ́dún 1998, kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Nísinsìnyí ó ní ẹ̀rọ ìpo-sìmẹ́ńtì méjì, ó sì ń kọ́ ilé fún àwọn èèyàn ńlá. Ó ti sọ fún Euloge pé òun á fi búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì dí ìdí ògiri náà, pé ọ̀sẹ̀ méjì ni, ó parí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 oṣù Òkúdù

Mo lọ kó irin iṣẹ́ mi. Crépin ti dé pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀. Mo rí i bí wọ́n ṣe ń to búlọ́ọ̀kù sẹ́bàá igi kẹta. Mo rí i pé igi náà máa dí wọn lọ́nà, pé láìpẹ́ ẹnìkan á fẹ́ yọ ọ́.

Mo ti la ẹnu. Crépin rí mi, ó yíjú sí àwọn èèyàn rẹ̀, ó ní, "Ẹ wo pátírọ́ọ̀nù mi àtijọ́, ọ̀gá mi. Amọ̀ ló fi ń fọ eyín." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, kò sí ìkà nínú ẹ̀rín náà, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń ṣàwàdà láti kékeré.

Mo pa ẹnu dé. Mo kó irin iṣẹ́ mi sínú àpò, mo lọ. Lójú ọ̀nà mo ní, ó kúkú ní ojú. Ó ní ojú tirẹ̀.

Ọjọ́rú, 21 oṣù Òkúdù. Pobè

Mo mú fóònù lẹ́ẹ̀mejì. Orúkọ Crépin wà lójú fóònù. Mo gbé e sílẹ̀. Mo ní ọ̀la.

Ọjọ́bọ̀, 22 oṣù Òkúdù

Ilé Ládiípọ̀ ti wó. Kò tíì ju aago mẹ́wàá àárọ̀ lọ. Euloge ló pè mí, mi ò mọ ìdí tó fi jẹ́ èmi ló pè. Ó ní wọ́n yọ igi kan kí kẹ̀kẹ́ búlọ́ọ̀kù lè kọjá. Ògiri ìwọ̀-oòrùn wó, àjà tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ìdajì ilé. Àwọn yòókù sá jáde. Crépin wà lábẹ́ rẹ̀.

Ó wà láàyè. Wọ́n fi ọwọ́ wa á jáde.

Mo sọ fún ìyàwó mi. Ó bi mí, "Igi wo ni wọ́n yọ?" Ó mọ̀ mí.

Ọjọ́ Àìkú, 25 oṣù Òkúdù

Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo lọ wo Crépin ní ilé ìwòsàn. Wọ́n ti gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ lókè orúnkún. Ìyàwó rẹ̀ dìde fún mi lórí àga, ó kí mi dáadáa, ó ní, "Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ wá." Ó jáde lọ pọn omi.

Crépin ń wo òkè àjà. Ó ní, "Pátírọ́ọ̀nù, igi kẹta yẹn. Òun ló gbé gbogbo rẹ̀ dúró?"

"Òun ni."

"Ẹ mọ̀ ọ́n."

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Ẹ wà níbẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ dúró lójúkojú mi."

"Mo dúró."

Ó ní, "Nítorí àwàdà yẹn?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó yíjú sí ògiri. Mo dúró títí ìyàwó rẹ̀ fi dé, lẹ́yìn náà mo lọ sílé.

Ọjọ́bọ̀, 29 oṣù Òkúdù

Crépin ní ilé kan tí kò tíì parí níbí ní Pobè, ilé yàrá mẹ́rin ti tíṣà kan. Mo lọ bá ìyàwó rẹ̀, mo ní kó jẹ́ kí n bá a parí rẹ̀, kí gbogbo ohun tó bá tibẹ̀ jáde jẹ́ tiwọn. Ó lọ bi ọkọ rẹ̀. Ó padà wá, ó ní ọkọ òun ní kí n ṣe bó bá ṣe wù mí.

Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì ni. Mo ń tò ó. Ẹ̀yìn ń dùn mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 oṣù Agẹmọ. Ahoyéyé

Mo lọ sọ́dọ̀ Ìyá. Wọ́n ti sọ fún un pé ilé wó, ṣùgbọ́n mo rò pé ó yẹ kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Mo bá a lábẹ́ igi ọsàn, ó ti rù. Mo sọ fún un, mo sọ ti igi kẹta àti ti Crépin pẹ̀lú. Mi ò fi ohunkóhun pamọ́.

Ó ní, "Ilẹ̀ yàrá mi ńkọ́?"

"Ó wà bó ṣe wà. Àjà wó lé e, ṣùgbọ́n ojú oórì méjèèjì ò là."

Ó mi orí. "Ṣé òótọ́ ni pé o ń kọ̀wé sínú ìwé kayé? Ọmọ́báyọ̀ ló sọ fún mi."

"Òótọ́ ni."

"Èdè wa lo fi ń kọ ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Nígbà náà, wá gbé mi lọ síbẹ̀. Mo fẹ́ kí o kọ àwọn yàrá yẹn sílẹ̀ kí wọ́n tó gbá gbogbo rẹ̀ dànù. Mi ò darí jì ọ́ o. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ ibi tí ògiri kọ̀ọ̀kan gbà ni."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 oṣù Agẹmọ. Sakété

Ọmọ́báyọ̀ gbé àga wá fún un, a gbé e sí ojú títì, lókè àwókù ilé náà. Mo ń rìn lórí ẹrẹ̀ àti páànù, ó ń fi ọ̀pá júwe fún mi. Yàrá mẹ́rìnlá ni ilé náà, méje nísàlẹ̀, méje lókè. Bí ó ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́.

*Yàrá kìíní, ọwọ́ ọ̀tún bí a bá wọlé.* Ibi tí Ládiípọ̀, bàbá ọkọ mi, ti ń wọn èkùrọ́. Ilẹ̀ rẹ̀ dúdú, kò sí ìgbà tí a fọ̀ ọ́ tó mọ́. Nígbà tí iṣẹ́ èkùrọ́ tán, ó di yàrá ìgbàlejò.

*Yàrá kejì.* Tèmi. O mọ̀ ọ́n.

*Yàrá kẹta.* Ti ìyàwó kejì ọkọ mi. A jà fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Kọ ọ́ pé ó mọ orin kọ. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí.

*Yàrá kẹrin.* Ti àwọn ọmọ. Wọ́n ń fi èédú kọ ògiri. Léonce ọmọ mi, bàbá Euloge, kọ orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọ ní ilé ìwé.

Mo bi í bóyá kí á sinmi. Ó ní rárá. Òjò ló lé wa.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 oṣù Agẹmọ

*Yàrá karùn-ún.* Ibi ìdáná òjò. Tí òjò bá ti ń rọ̀ la máa ń dáná níbẹ̀.

*Yàrá kẹjọ, lókè, èyí tó kọjú sí títì.* Akọ̀wé rélùwéè ló yá a gbé. Ọdún mọ́kànlá. Tí rélùwéè bá fọn fèrè láti ọ̀nà Àjàṣẹ́, á sáré wọ ṣòkòtò. Ọjọ́ tí wọ́n dá rélùwéè dúró, kò jáde ní yàrá fún ọjọ́ méjì.

*Yàrá kẹsàn-án.* Obìnrin aránṣọ kan láti Àjàṣẹ́, ará Ègùn ni. Òun ló kọ́ mi ní èdè wọn. Ibẹ̀ ló kú sí. Àwọn ará ilé rẹ̀ ò wá, àwa la sin ín.

*Yàrá kẹwàá.* Èyí tí òjò ń jò sí. Ẹnikẹ́ni tí kò bá ní ibùgbé, ibẹ̀ la máa ń fún un.

Euloge dé nígbà tí a ń ṣe é. Ó dúró lẹ́yìn ìyá rẹ̀ àgbà. Ó gbọ́ ti Léonce, nítorí Ìyá ní kí n ka yàrá kẹrin fún un. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, kò wọ̀ ọ́ padà. Ó sọ fún mi ní ìdákẹ́jẹ́ pé òun ò lè yí ọjọ́ tí wọ́n máa wó ìyókù padà, pé ìwé ti jáde, pé ẹni tó fẹ́ yá ilẹ̀ náà fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù ti wà nílẹ̀.

Mo bi í pé àwọn oórì ńkọ́. Ó ní wọn ò ní hú wọn, wọ́n á fi kọ́ńkéré bò wọ́n.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 oṣù Agẹmọ

Yàrá kọkànlá, ìkejìlá, ìkẹtàlá. Ó sọ wọ́n lórí ibùsùn ní Ahoyéyé, kò lè jókòó mọ́. Ó ń húkọ́. Ó ní èémí òun ti kúrú lónìí, pé kí n padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun fún ìkẹfà, ìkeje àti ìkẹrìnlá, pé ìyẹn ni ọ̀rọ̀ wọn gùn jù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 oṣù Agẹmọ

Kò mọ̀ mí. Ó ń pè mí ní Èṣùbíyìí. Mo jókòó tì í títí oòrùn fi wọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 31 oṣù Agẹmọ. Sakété

Kátápílà wá. Aago mẹ́jọ ni ó bẹ̀rẹ̀, kí oòrùn tó kan àtàrí, ilẹ̀ ti tẹ́. Òdòdó amọ̀ kan bọ́ lódindi, awakọ̀ náà sọ̀kalẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Nígbà tí wọ́n máa fi jẹ́ kí n dé ibẹ̀, òjò ti tú u.

Ọjọ́ Ẹtì, 4 oṣù Ògún

Ìyá Ọmọ́báyọ̀ kú láàárọ̀ kùtùkùtù òní.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 oṣù Ògún. Ahoyéyé

A sin ín lónìí, sí ẹ̀yìnkùlé ilé ọmọ rẹ̀. Ó ti sọ fún wọn láti ọjọ́ pípẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ọkọ òun ni kí wọ́n tẹ́ òun sí, ṣùgbọ́n wọ́n ti da kọ́ńkéré ṣọ́ọ̀bù. Èmi ni mo mọ ojú oórì náà. Ọmọ́báyọ̀ ló ní kí n ṣe é, mi ò bèèrè. Ìyàwó Crépin wá. Crépin fi ọ̀pá méjì tẹ̀lé e wọlé, ó jókòó lẹ́yìn gbogbo èèyàn, kò wo ibi tí mo wà.

Lẹ́yìn oúnjẹ, mo bi Ọmọ́báyọ̀ bóyá ó mọ̀ nípa yàrá kẹfà, ìkeje àti ìkẹrìnlá. Ó ronú títí. Ó ní òun rántí pé wọ́n máa ń ti ìkẹfà pa. Euloge ní ó lè jẹ́ pé èkùrọ́ ni wọ́n ń kó sí ìkẹrìnlá. Kò dá a lójú. Kò sí ẹlòmíràn láti bi.

Mo fi ojú ewé mẹ́ta sílẹ̀ nínú kayé. Mo kọ nọ́ńbà yàrá kọ̀ọ̀kan sókè, mi ò kọ nǹkan kan sábẹ́ rẹ̀. Ọmọ́báyọ̀ gba kayé náà, ó ṣí i wò, ó rí ojú ewé òfìfo.

"Bàbá Merveille, ẹ kúkú kọ èkùrọ́ sí i. Ta ló máa mọ̀?"

Mo ní rárá. Mo ní kó jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, mi ò ní fi nǹkan kan bò ó.